Ọkọ̀ tó ń dún kọ̀kọ̀kọ̀ láàárọ̀: ẹ má tíì ra ẹ́ńjìnnì o

Ọmọ Ẹ̀gbá l'Ájàṣẹ́: Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ mọ̀ nípa mọ́tò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. Corolla 2003 ni mò ń wà, èyí tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà, tí mo bá ti sitáàtì ẹ̀ láàárọ̀ tó ti sùn mọ́jú, á máa dún kọ̀kọ̀kọ̀kọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, tó bá yá ariwo yẹn á lọ, n ò ní gbọ́ ọ mọ́ títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Mẹkáníìkì kan lápá Ouando ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, kí n lọ ra òmíràn ní Kùtọnu. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni? Owó dà?

Bàbá Ìbejì: Àbúrò, má tíì ra nǹkan kan. Ẹ́ńjìnnì tó nọ́ọ̀kì lóòótọ́, ìyẹn tí bíárìn kọ́nrọ́ọ̀dù (irin tó so pístìn mọ́ kránkì tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì) ti jẹ, bó ṣe ń gbóná ni ariwo ẹ̀ ń le sí i, torí ọ́ìlì tó gbóná á ti ṣàn bí omi, kò ní lè dí àlàfo tó wà láàárín bíárìn àti kránkì mọ́. Á dún wúwo, gbù gbù gbù, tó o bá sì tẹná, á tẹ̀lé ẹsẹ̀ ẹ. Tìẹ tó ń lọ tó bá gbóná, òdìkejì ẹ̀ nìyẹn. N ò ní kò sí nǹkan tó ń ṣe é o, àmọ́ ẹni tó gbọ́ ariwo lẹ́ẹ̀kan tó ní kó o lọ ra ẹ́ńjìnnì, ọjà ló ń tà.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, báwo ló ṣe ń pẹ́ tó kó tó lọ? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Tó bá jẹ́ pé kó o sitáàtì kó o ka ení, èjì, ẹ̀ta, ó ti lọ, ọ́ìlì ni kò tètè gòkè. Fíltà tó dáa ní rọ́bà kan nínú tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì ṣàn padà sílẹ̀ lóru, àwọn fíltà ayédèrú tí wọ́n ń tà kiri yìí, rọ́bà tiwọn á ti gan, ẹ́ńjìnnì á wá yí lórí gbígbẹ. Ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE ló wà nínú ọkọ̀ ẹ, ṣéènì ló ń yí kámù ẹ̀ tó ń ṣí fáàfù, kì í ṣe bẹ́líìtì, tensioner tó ń fa ṣéènì yẹn sì ń retí ọ́ìlì kó tó lè tì í dáadáa, kí ọ́ìlì tó dé ṣéènì á ti máa gbọ̀n. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ẹ pé hydraulic lifter (èyí tó ń fi ọ́ìlì dí àlàfo ibi fáàfù) ló ń dún, kò mọ ẹ́ńjìnnì yẹn, torí kò ní in rárá.

Tó bá wá pẹ́ títí géèjì ìgbóná fi ń gòkè, tó dún bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn láti inú, pístìn nìyẹn. Alumíníọ̀mù ni pístìn tó ń lọ sókè sódò nínú sílíńdà, tó bá tutù á fún, á máa lu ògiri sílíńdà tó ti jẹ, tó bá gbóná á wú, á dákẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń wà á bẹ́ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Tó bá jẹ́ ohùn tín-ín-rín, tí tí tí, wo gáskẹ́ẹ̀tì manifold níbi tí èéfín ń gbà jáde, bóyá wàá rí dúdú èéfín lára ẹ̀, ìyẹn náà máa ń dákẹ́ tí irin bá gbóná tó wú.

Akọ Sábẹ̀ẹ́: Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe kpayo, epo tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì yẹn? Tèmi máa ń dún kẹrẹkẹrẹ tí mo bá ń gun òkè níbí.

Bàbá Ìbejì: Ìyẹn yàtọ̀. Epo tí kò dáa máa ń dún nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tó sì gbé ẹrù, bíi tìẹ tó ń gun òkè Sábẹ̀ẹ́ yẹn. Ti àbúrò wa, ọkọ̀ wà lójú kan, ó tutù, kò gbé nǹkan kan. Má dá kpayo lẹ́bi gbogbo nǹkan jàre. Ìwọ ṣáà yí epo tìẹ padà, rà á nílé epo.

Ìyá Ṣadé, Kétu: Ẹ jẹ́ n fi kún un. Ẹni tó ta ọkọ̀ fún ọkọ mi ti da ọ́ìlì 20W-50 tó ki sí i kó lè dákẹ́ lójú wa, lásìkò ọyẹ́ tí Kétu ń tutù láàárọ̀ ariwo ẹ̀ le gan-an, ìgbà tá a ṣe fìdánjì, tá a pààrọ̀ ọ́ìlì, tá a dá a padà sí 5W-30 tó fúyẹ́ tí wọ́n kọ sínú ìwé ọkọ̀ ló rọlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ọkọ̀ ní Kùtọnu, ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó sitáàtì ẹ̀ fún yín. Tó bá ti gbóná kẹ́ ẹ tó dé, ẹ ní ẹ̀ ń bọ̀ lọ́la.

Ọmọ Ẹ̀gbá l'Ájàṣẹ́: Ẹ ṣé gan-an ni o, Ọlọ́run á bù kún yín. Kì í pẹ́, kí n tó de bẹ́líìtì ìjókòó tán ó ti lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fa dípístíìkì, ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, wò báyìí, ọ́ìlì ò dé àmì ìsàlẹ̀ gan-an 😩

Bàbá Ìbejì: Ìdí ẹ̀ rèé! 1ZZ àwọn ọdún yẹn ń jẹ ọ́ìlì, ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára pístìn wọn kéré, ó máa ń dí. 3.7 lítà ló ń gbà tó o bá pààrọ̀ fíltà mọ́ ọn. Da ti inú ẹ̀ sínú abọ́ mímọ́ tó funfun, wò ó nínú oòrùn, tí ẹ̀rún irin bá ń dán yanranyanran nínú ẹ̀, ara bíárìn ló ń jẹ, fi àwòrán ẹ̀ ránṣẹ́ síbí. Tí kò bá ní nǹkan kan, fi 5W-30 àti fíltà ojúlówó sí i, kó o sì máa fa dípístíìkì wò ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Tó bá ṣì ń dún lẹ́yìn ìyẹn, tensioner ló kàn, nọ́ọ̀tì méjì ló dè é mọ́ ìta ẹ́ńjìnnì, wọn ò ní tú nǹkan ńlá, àmọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kó ṣe é, torí ó ní bí wọ́n ṣe ń ká a pa dà kó tó wọlé. Tí iná ọ́ìlì pupa bá tàn tó kọ̀ tí ò kú lẹ́yìn tó o sitáàtì, pa ọkọ̀ náà lójú ẹsẹ̀, má wà á lọ ságọ́ mẹkáníìkì, jẹ́ kí mẹkáníìkì wá bá ẹ nílé.