Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní kí n kó kúrò nílùú tí ìjọba yìí ò bá tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀yin àgbà, ṣé kí n lọ?

Oní Sólà Kubwa
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́. Ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á. Inú ń bí mi láti Sátidé, ìyàwó mi sì ti ní òun ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nínú ilé mọ́.

Àbúrò ìyàwó mi bímọ, a sọ ọmọ lórúkọ ní Nyanya, lágbègbè Àbújá níbí. Èmi ni mo gbé jẹnẹrétọ̀ mi lọ, èmi ni mo ra epo sí i, èmi ni mo so gbogbo gílóòbù tí wọ́n fi ríran nígbà tílẹ̀ ṣú. Kò sẹ́ni tó kí mi kú iṣẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìlú délẹ̀, mo sọ tẹnu mi. Mo ní láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti dúró níbi ìbúra tí wọ́n ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, nǹkan ò rọgbọ fún wa mọ́. Jálá epo kan ò tó ₦200 nígbà náà, kó tó di ìparí ọdún tó tẹ̀ lé e ó ti lé ní ₦1,000. Dọ́là tí báńkì ń ṣẹ́ ní bíi ₦460 fò kọjá ₦1,500. Dọ́là ni wọ́n sì fi ń kó bátìrì sólà wọlé. Mo gbowó iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà kan, kí n tó dé ọjà, owó náà ò ra ìdajì ẹrù mọ́. Ọkùnrin náà pè mí lólè lójú àwọn ọmọ mi.

Ibi tí mo sọ ọ́ dé nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n, fi gbé ṣíbí wọn sílẹ̀. Wọ́n ní, "Bí ìjọba yìí ò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, kó ẹrù ẹ, kó o kúrò nílùú. Kò sẹ́ni tó so ọ́ mọ́lẹ̀." Níwájú gbogbo àna mi. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mi ò fèsì. Mo tú wáyà mi, mo gbé jẹnẹrétọ̀ mi sínú ọkọ̀, mo lọ. Wọ́n ní mo hùwà ọmọdé.

Ìbéèrè mi ni pé ṣé lóòótọ́, ṣé ẹni tí kò bá fara mọ́ ìjọba gbọ́dọ̀ fi ìlú sílẹ̀ fún un ni? Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Calgary, ní Kánádà, ó ní kí n máa bọ̀. Mo níṣẹ́ lọ́wọ́, ó sì ti sú mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì Ilé-Ifẹ̀
Oní Sólà, ọmọ tuntun àti ìyá ọmọ wà nínú ilé yẹn, o wá tú iná mọ́ wọn lójú? Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọba o. Kí ni ìyàwó rẹ sọ gan-an? O ní kò fẹ́ gbọ́ mọ́, o ò sọ ìdí ẹ̀ fún wa.

Ọmọ Ẹjìgbò
Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa. Kumasi ni wọ́n bí ìyá mi sí. Bàbá wọn ń ta aṣọ níbẹ̀, wọ́n ti kọ́lé, gbogbo ọmọ ló ń sọ Twi. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá níwèé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá mi ṣì máa ń sọ bí bàbá wọn ṣe dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ń gbé ìdì aṣọ fún àwọn aládùúgbò ní iye yòówù kí wọ́n ní lápò. Ilé tí wọ́n kọ́, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọ́wọ́ ẹnì kan, wọn ò rí owó ilé náà títí wọ́n fi kú. Nígbà tó di 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà. Torí náà, tẹ́nikẹ́ni bá ní kó o lọ, ronú nípa ibi tó ò ń lọ. Ìjọba ibẹ̀ lè lé ọ lọ́jọ́ kan. Ti ibí yìí ò lè lé ọ.

Amòfin Gwagwalada
Ọmọ Ẹjìgbò, wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀ rí níbí o. Lóṣù kìíní 1980, lábẹ́ Shagari, wọ́n gbé Shugaba Darman lóru, wọ́n lọ já a sílẹ̀ ní Chad. Olórí àwọn aṣòfin tó pọ̀ jù nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Borno ni, ẹgbẹ́ òṣèlú GNPP ló wà, NPN ló ń ṣèjọba àpapọ̀. Wọ́n ní ọmọ Chad ni bàbá ẹ̀. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́, kóòtù dá a láre, ó sì ní kí ìjọba san owó gbà-má-bínú. Títí di òní, abala 41 nínú ìwé òfin 1999 sọ pé a ò gbọ́dọ̀ lé ọmọ Nàìjíríà kúrò nílùú, a ò sì gbọ́dọ̀ dí i lọ́nà àtiwọlé tàbí àtijáde. Ohun tí ẹ̀gbọ́n yẹn sọ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nínú òfin.

Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè kan, Oní Sólà. Ṣé pásípọ́ọ̀tù rẹ wà lọ́wọ́ ẹ, ọjọ́ sì ṣì wà lórí ẹ̀?

Ará Leeds
Tèmi ni pé kó o lọ. 2022 lèmi kúrò. Àbúrò mi wà ní Lẹ́kí lálẹ́ ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá 2020 tí wọ́n yìnbọn. Ó padà délé, àmọ́ láti ìgbà náà, tí táyà ọkọ̀ bá bẹ́ ládùúgbò, ṣe ni ìyá wa máa ń sáré ka àwọn ọmọ. Mi ò fẹ́ tọ́ ọmọ tèmi sínú irú ìbẹ̀rù yẹn.

Ṣùgbọ́n má ronú pé ilẹ̀kùn ṣì ṣí bó ṣe ṣí fún wa. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo bá wá sí Ìlú Ọba níbí. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta 2024 ni wọn ò ti jẹ́ kí ẹni tó bá iṣẹ́ yẹn wá mú ìyàwó àtọmọ dání mọ́, ní ọjọ́ 22 oṣù keje 2025 wọ́n wá ti ọ̀nà ọ̀hún pa fún ẹni tó bá ń bọ̀ láti òkè òkun. Àwọn ajẹ́ǹtì ṣì ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn lórí ẹ̀ o! Ti Calgary tó o sọ, a kì í fọwọ́ kan wáyà iná níbẹ̀ láìsí ìwé ẹ̀rí ìpínlẹ̀ Alberta. Bi ọ̀rẹ́ rẹ bóyá ó sọ ìyẹn fún ọ.

Ọmọ Asíwájú
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sá lọ, kí lẹ tún ń wá nínú ọ̀rọ̀ wa? Ẹni tí ìjọba ò bá tẹ́ lọ́rùn kó dúró dìbò ní 2027. Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n yẹn sọ. Ìgbà tí wọ́n ń kó epo wa gba ẹnubodè lọ tà lówó gọbọi ní Kútọnu, ẹ ò pariwo. Ìjọba ń ṣàtúnṣe, ẹ̀ ń bú wọn lórí oúnjẹ ìkómọ.

Ará Leeds
Ta ló sá? Èmi ni mò ń sanwó ilé ìwé àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjì ní Ìkòròdú. Èmi náà ì bá dìbò, àmọ́ òfin ò fún àwa tá a wà lókè òkun láàyè. Tó o bá sì fẹ́ sọ ti ìbò, 8,794,726 ló dìbò fún Ààrẹ ní 2023, nínú àwọn tó lé ní mílíọ̀nù 93 tó forúkọ sílẹ̀. Ṣé àwọn yòókù gbọ́dọ̀ di ẹrù ni?

Ọmọ Asíwájú
Ẹni tó wọlé ló wọlé.

Bàbá Àlàbí Ṣùrùlérè
Ẹ̀yin ọmọ, ẹ rọra. Mo wà ní Èkó nígbà tí wọ́n fagi lé ìbò June 12 1993. Àwọn kan lọ, àwọn kan dúró. Ṣóyínká gba orílẹ̀-èdè Benin lọ ní 1994. Ẹni tó jẹ́ Ààrẹ lónìí gan-an wà lára àwọn tó lọ, ìgbà tí Abacha kú ní 1998 ni wọ́n padà. Ọmọ Asíwájú, ṣé ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ Yorùbá bú wọn nígbà náà pé wọ́n sá? Ilẹ̀kùn là ń ṣí fún wọn. Gani Fawẹhinmi ò lọ, wọ́n ń tì í mọ́lé, wọ́n ń tú u sílẹ̀. Kudirat, ìyàwó Abíọ́lá, ò lọ, wọ́n pa á ní òpópónà ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà 1996. Abíọ́lá fúnra rẹ̀ jáde lọ sókè òkun ní 1993, ó padà wálé, inú àtìmọ́lé ló kú sí.

Mi ò lè sọ fún ọ pé ọ̀kan nínú wọn ṣe ohun tí kò tọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sí èyí tó lọ nínú wọn torí pé àna bú u.

Oní Sólà Kubwa
Ẹ ṣeun o. Ìyá Ìbejì, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ tèmi ni, epo tèmi ni. Tẹ́nì kan bá ní kí n kó ẹrù mi lọ, mo kó ẹrù mi lọ. Bàbá Àlàbí, kì í ṣe torí èébú nìkan. Iná Band A, ti àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún, tí wọ́n gbé lé ₦225 lórí yúníìtì kan ní 2024, ti jẹ́ kí gbogbo èèyàn máa wá mi fún sólà, síbẹ̀ kò sówó lọ́wọ́ wọn láti san. Ará Leeds, ọ̀rẹ́ mi ò sọ ti ìwé ẹ̀rí Alberta, màá bi í.

Amòfin Gwagwalada
O ò dáhùn ti pásípọ́ọ̀tù.

Ìyá Ìbejì Ilé-Ifẹ̀
Kò dáhùn tèmi náà.

Oní Sólà Kubwa
Kóòtù ni pásípọ́ọ̀tù mi wà.

Mi ò fẹ́ sọ ọ́ torí mo mọ̀ pé ẹ máa gbàgbé ìbéèrè mi. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 2024, mo jáde fún ìwọ́de. Kóòtù ti ní kí gbogbo wa dúró sí pápá ìṣeré Moshood Abíọ́lá, ibẹ̀ náà ni mo wà. Mo gbé páálí dání, mo kọ "Ebi ń pa wá" sí i, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n yin tajútajú, a túká, wọ́n mú mi níbi tí mo ti ń fi omi inú ọ̀rá ṣan ojú mi. Ẹ̀sùn tí wọ́n wá kà sí wa lọ́rùn lẹ́yìn náà, mi ò lè kọ ọ́ síbí. Ẹjọ́ ò tíì parí, ṣe ni wọ́n ń sún un síwájú. Wọ́n fún mi ní béèlì, wọ́n ní kí n mú òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní ìpele gíga wá.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló dúró fún mi.

Ìyá Ìbejì Ilé-Ifẹ̀
Yéè! Ẹni tó fọwọ́ síwèé kó o tó jáde lò ń sọ báyìí láti àná?

Bàbá Àlàbí Ṣùrùlérè
Ọ̀rọ̀ ti yí padà pátápátá. Ọkùnrin yẹn jókòó síbi ìkómọ, ẹni tó dúró fún ní kóòtù ń bú ìjọba tó ń san owó oṣù ẹ̀, níwájú ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò mọ ẹni tó wà láàárín wọn. Ẹ̀rù ló bà á. Kò yẹ kó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo gbà, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ ohun tó wà lọ́rùn ẹ̀.

Ọmọ Asíwájú
Èmi ò mọ̀ pé ó ti dé kóòtù. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí wọ́n ti ẹnikẹ́ni mọ́lé torí páálí.

Ṣadé Badagry
Kubwa sí Sẹ̀mẹ̀, ẹnubodè wa pẹ̀lú orílẹ̀-èdè Benin, kò ju ìrìn ọjọ́ kan àtààbọ̀. Àwọn kan máa ń dé Kútọnu láìmú pásípọ́ọ̀tù dání. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti gba ibẹ̀.

Amòfin Gwagwalada
Má gbọ́ ìmọ̀ràn yìí rárá. Ní oṣù keje 2021, lẹ́yìn tí wọ́n ya wọ ilé Sunday Igboho ní Ìbàdàn, Kútọnu náà ló gbà, ó fẹ́ wọ bàálù lọ sí Jámánì. Pápákọ̀ òfurufú ni wọ́n ti mú un, ó sì di oṣù kẹta 2022 kí wọ́n tó yọ̀ǹda ẹ̀ ní àhámọ́. Èèyàn ńlá tó ní lọ́yà káàkiri nìyẹn.

Abala 41 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà ló tún sọ pé òfin lè dín ẹ̀tọ́ yẹn kù fún ẹni tí wọ́n bá fura sí pé ó ṣẹ̀ sófin. Tó o bá lọ, kóòtù á ní kí wọ́n lọ gbé ọ wá níbikíbi tó o bá wà. Wọ́n á pe onídùúró rẹ, yóò san gbogbo owó tó fọwọ́ sí, wọ́n sì lè dá a dúró síbẹ̀ títí yóò fi san án. Iṣẹ́ rẹ̀ náà á wọ̀ ọ́.

Oní Sólà Kubwa
Mi ò sọ pé màá sá. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n mọ̀. Wọ́n mọ̀ pé mi ò lè lọ síbì kankan, wọ́n wá sọ níta pé kò sẹ́ni tó so mí mọ́lẹ̀. Àwọn ni wọ́n mọ okùn náà jù lọ!

Ìyá Ìbejì, ẹ béèrè ohun tí ìyàwó mi sọ. Ó ní wọn ò pe ẹ̀gbọ́n òun fún ìdánwò ìgbéga lọ́dún yìí, ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n jọ wọṣẹ́ ti lọ jókòó fún un. Ó ní torí mi ni. Mo ní kó mú ẹ̀rí wá, ó bú sẹ́kún. Mi ò tíì gbà pé torí mi ni.

Ará Leeds
Arákùnrin, mo yí ọ̀rọ̀ mi padà. Parí ẹjọ́ yẹn ná. Ìlú tó o bá lọ tọrọ físà máa bi ọ́ nípa ẹjọ́, wọ́n sì máa mọ̀ tó o bá parọ́.

Ìyá Ìbejì Ilé-Ifẹ̀
Bóyá torí ẹ ni o, bóyá torí ẹ kọ́ o, dìde lọ sílé ọkùnrin yẹn. Mi ò ní kó o lọ sọ pé ìjọba dára.

Oní Sólà Kubwa
Màá lọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Màá dọ̀bálẹ̀ fún wọn torí béèlì, màá sì bẹ ìyá ọmọ. Mi ò ní bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí mo sọ nípa owó epo. Tí ẹjọ́ bá parí tó bá wù mí láti lọ, màá lọ, tó bá wù mí láti dúró, màá dúró, màá sì máa sọ̀rọ̀.

Ọmọ Ẹjìgbò
Tó o bá débẹ̀, jẹ́ kí ìyàwó rẹ tẹ̀ lé ọ.

Amòfin Gwagwalada
Lọ́yà rẹ lè kọ̀wé béèrè pé kí kóòtù dá pásípọ́ọ̀tù padà, ó sì lè béèrè pé kí wọ́n pààrọ̀ onídùúró, kí ẹ̀gbọ́n yẹn lè sinmi. Méjèèjì ṣeé ṣe kí ẹjọ́ tó parí. Kọ ọjọ́ tí wọ́n sún ẹjọ́ sí ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, má ṣe kọ nọ́ńbà ẹjọ́ síbí. Kó o sì pa ohun tó o kọ nípa ìwọ́de yẹn rẹ́ kó o tó sùn lálẹ́ yìí.