Aṣọ wo ni kí n fi bo ẹṣin tí a ti gé irun rẹ̀ nígbà òtútù?
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹṣin, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Yorkshire ni mo wà, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A ti gé irun ẹṣin mi mọ́lẹ̀ torí òógùn. Ẹsẹ̀ nìkan la fi sílẹ̀. Aṣọ 200 gíráàmù ló ń wọ̀ sùn (ìwọ̀n ohun tí wọ́n kì sínú aṣọ náà kó lè móoru nìyẹn; bí nọ́ńbà náà bá ṣe pọ̀ tó ni aṣọ ṣe ń móoru tó). Tí mo bá ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ náà lẹ́yìn èjìká, ara rẹ̀ ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, àmọ́ etí rẹ̀ tutù, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Tí òtútù bá wá já sí 0°C lóru ńkọ́? Ṣé kí n wọ 300 fún un, àbí kí n fi koríko gbígbẹ kún oúnjẹ rẹ̀, torí ìyẹn náà ń mú ara ẹṣin gbóná? Mi ò fẹ́ kó làágùn sábẹ́ aṣọ rárá.