Òòfà Ayé àti Òṣùpá: níbo ni òdo mẹ́fà yìí ti wá?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi tó ń múra WAEC ní kí n bá òun ṣírò agbára òòfà tó wà láàárín Ayé àti Òṣùpá, ojú sì ti fẹ́ tì mí báyìí.

Mo fi ìwọ̀n Ayé, 5.97 × 10²⁴ kg, ṣe ìlọ́po ti Òṣùpá, 7.35 × 10²² kg, mo tún fi G, nọ́ńbà òòfà tí kì í yí padà, 6.674 × 10⁻¹¹, lọ́ ọ po. Mo wá fi ọ̀nà tó wà láàárín àwọn méjèèjì, 384,400 kìlómítà, pín in lẹ́ẹ̀mejì. 1.98 × 10²⁶ Newton ni mo rí, 1.98 × 10²⁰ ni ìwé rẹ̀ ní! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un ṣe. Mo tiẹ̀ yọ 6,371 kìlómítà, ìyẹn láti àárín Ayé dé orí ilẹ̀, kúrò, mo rò pé orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wọn ọ̀nà náà. Òdo ò dín.

Níbo gan-an ni mo ti ṣì í? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.