Háàṣì Python àti JavaScript ò bára mu

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí o. JSON (dátà tí wọ́n kọ bí ọ̀rọ̀) kan náà ni mo kó fún SHA-256 (ìlànà tó ń sọ dátà di háàṣì, ìyẹn ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá dátà mọ̀) nínú èdè kọ̀ǹpútà Python àti JavaScript, àmọ́ èsì ẹ̀ ò bára mu rárá. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: SHA-256 ò lẹ́bi o, báìtì tó ń wọlé ni ò dọ́gba. json.dumps ti Python máa ń fi àlàfo sẹ́yìn kọ́mà àti kólọ̀n, JSON.stringify ti JavaScript kì í ṣe bẹ́ẹ̀, torí náà ẹ fi separators=(',', ':') àti ensure_ascii=False sí json.dumps, kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ di UTF-8 (ìlànà tó ń sọ lẹ́tà di báìtì).

Ìdáhùn: Ẹ tún wo àmì ohùn o. Kódù kan lè gbé lẹ́tà “á”, kódù méjì (“a” àti àmì ohùn ẹ̀) náà sì lè gbé e, ojú ò ní mọ̀ ọ́n, háàṣì á mọ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ gbogbo ẹ̀ di NFC (ìlànà Unicode tó ń so lẹ́tà àti àmì ẹ̀ pọ̀ di kódù kan níbi tó bá ti ṣeé ṣe).

Olùbéèrè: Àlàfo yẹn ni! Ó ti bára mu, ẹ ṣé gan-an.