Kókó kan wà lẹ́bàá ẹnu ojú ara mi: ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ tú u?

Ọmọ Ìkéré:
Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti fọwọ́ ba kókó kan nígbà tí mo ń wẹ̀, ní ìsàlẹ̀ ẹnu ojú ara mi lápá òsì. Kò tóbi ju èkùrọ́ lọ, kò sì dùn mí, àfi bí mo bá jókòó pẹ́ sórí àpótí nídìí ààrò ni mo máa ń mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Aládùúgbò mi kan ní oówo ni, pé òun yóò fi abẹ́rẹ́ tú u. Ẹlòmíràn ní àtọ̀sí ni, ọ̀rọ̀ yìí sì ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ọkọ mi. Ọmọ ọdún 29 ni mí.

Nọ́ọ̀sì Adó:
Àbúrò mi, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ kàn án. Ẹṣẹ́ kéékèèké méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí ń pèsè omi tó ń mú ojú ara rin. Bartholin ni à ń pè wọ́n, orúkọ oníṣègùn ará Denmark tó ṣàpèjúwe wọn ní 1677. Bí ihò tí omi náà ń gbà jáde bá dí, omi yóò sé mọ́ inú, ibẹ̀ yóò sì wú. Ohun tí àlàyé rẹ jọ nìyẹn, ṣùgbọ́n dókítà tàbí agbẹ̀bí tó bá wò ó, tó sì fọwọ́ kàn án, ló lè sọ ọ́ dájú.

Bí kò bá dùn ọ́, a lè fi í sílẹ̀. Máa jókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nínú bàsíà fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, láìda oògùn kankan sí i. Kọ́kọ́ fi ìgbọ̀nwọ́ dán omi náà wò, nítorí mo ti tọ́jú ẹni tí omi bó níbẹ̀ rí. Bí ó bá gbọyún, tí ìrora kò jẹ́ kí o lè rìn tàbí tí ara rẹ gbóná, ọjọ́ náà gan-an ni kí o lọ sí ilé ìwòsàn. Wọn yóò fi oògùn pa ibẹ̀ kú kí o má baà mọ ìrora, wọn yóò là á, wọ́n sì lè fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí ihò tuntun má baà dí.

Ní ti àtọ̀sí, kòkòrò rẹ̀ máa ń wà nínú irú ọyún bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n kòkòrò inú ìfun, tí kò bá ìṣekúṣe tan rárá, ni wọ́n sábà máa ń bá níbẹ̀. Jẹ́ kí ọkọ rẹ ka èyí.

Ìyá Ìbejì, Ìjerò:
Ọmọ mi, èmi jẹ́ kí oníkẹ́mísì kan fi abẹ là á fún mi. Ó fò lọ́jọ́ kejì, àmọ́ kí oṣù kejì tó pé, ó ti padà, ó tóbi tó orógbó, ẹ̀gbẹ́ ìdí kan ṣoṣo ni mo fi ń jókòó lọ́jà. Nílé ìwòsàn ni wọ́n ti là á, tí wọ́n sì rán etí rẹ̀ mọ́ ara kí ẹnu rẹ̀ lè wà ní ṣíṣí. Kò padà mọ́. Nítorí pé mo ti lé ní 40 ọdún, wọ́n tún gé díẹ̀ nínú ẹran ibẹ̀ láti rí i dájú pé kì í ṣe jẹjẹrẹ. Èsì náà dára. Kí àwọn ẹgbẹ́ mi tó bá ń ka èyí má ṣe fojú kékeré wo irú kókó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìkéré:
Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ọkọ mi kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní òun yóò bá mi lọ lọ́jọ́ Ajé. Bí wọ́n bá ní kí a fi í sílẹ̀, ṣé a ṣì lè máa bá ara wa lò pọ̀?

Nọ́ọ̀sì Adó:
Bẹ́ẹ̀ ni, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti dùn ọ́.