Wọ́n gbé káàdì wa sísàlẹ̀ torí a jẹ́ gàmbàrí?

Ọmọ Lísàbi
Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí. Ìyá kan tó máa ń ta fùrá fún wa ní Sábó, ara ọmọ ẹ̀ gbóná fòfò, mo bá fi mọ́tò gbé wọn lọ sí ọsibítù kan, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Aago méje àbọ̀ la débẹ̀, àwa la ṣe ìkẹta tó gba káàdì. Nígbà tó fi máa lu aago mẹ́wàá, àwọn tó bá wa níbẹ̀ ti rí dókítà, wọ́n ti lọ sílé. Mo lọ bi nọ́ọ̀sì, ó ní "ẹ jẹ́ kí gàmbàrí yẹn dúró ná, wọn kì í gbọ́ èdè, wọ́n á kàn máa fi àsìkò dókítà ṣòfò". Ìṣojú ìyá náà ló ti sọ ọ́ o! Ìyá tó ń fi Yorùbá ná ọjà pẹ̀lú wa lójoojúmọ́. Kò fèsì, ó kàn fa ìborùn ẹ̀ bo ọmọ. Ibà ni wọ́n padà bá níbẹ̀, ara ọmọ ti yá. Ṣùgbọ́n ibo la ti ń fẹjọ́ irú èyí sùn?

Bàbá Aládìrẹ Ìtókù
Àbúrò, ẹ má sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹ̀yà o. Èmi ọmọ Aké pọ́ńbélé, nọ́ọ̀sì bú mi bí ẹni ń bú ọmọ ọ̀dọ̀ torí mo gbàgbé káàdì sílé. Gbogbo wa ni wọ́n ń jágbe mọ́.

Mama Chidi Pánṣẹ́kẹ́
Bàbá, wọ́n jágbe mọ́ yín lóòótọ́, ṣé wọ́n wá fi ìlú yín kún un? Ọmọ Íbò ni mí, ogún ọdún rèé tí mo ti wà níbí. Tí mo bá ń sọ Yorùbá, "ìyá, ẹ jókòó", tí wọ́n bá ti wá ka orúkọ tó wà lórí káàdì pẹ́nrẹ́n, ohùn á yí. Ní báyìí ìyàwó ọmọ mi tó ń jẹ́ Ṣadé ni mo máa ń rán lọ gba káàdì, ẹ má rẹ́rìn-ín. Kí n má purọ́ ṣá, wọ́n ń ṣe é fún Yorùbá lọ́dọ̀ tiwa náà.

Nọ́ọ̀sì Àná
Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ọmọdé tí ara ẹ̀ gbóná tó báyẹn, kò yẹ kó tò rárá, ẹnu ọ̀nà ló ti yẹ kí wọ́n ti mú un wọlé, Hausa ni o, Ẹ̀gbá ni o. Òfin ìlera ọdún 2014, abala 23, ní kí wọ́n ṣàlàyé fún aláìsàn ní èdè tó gbọ́, bó bá ṣeé ṣe, nítorí náà "kò gbọ́ èdè" kì í ṣe àwáwí. Abala 20 ni ti kíkọ aláìsàn pàjáwìrì sílẹ̀, owó ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ tàbí méjèèjì, àmọ́ wọ́n tọ́jú tiyín níkẹyìn, mi ò rò pé ìyẹn máa mú wọn. Ẹ kọ ọjọ́, aago, nọ́ńbà káàdì àti orúkọ tó wà láyà nọ́ọ̀sì yẹn, ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ọ̀gá ọsibítù, kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín. Tó bá jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ẹ bèèrè ọ́fíìsì SERVICOM, àwọn tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú lórí iṣẹ́ ìjọba. Tí wọ́n bá dákẹ́, ó di ọ̀dọ̀ FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà.

Ọmọ Lísàbi
Ẹ ṣé gan-an mà. Mo sọ fún ìyá náà, ó ní kí n fi í lẹ̀, torí ibẹ̀ náà ni ọmọ ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mo ní tí n bá fi orúkọ tèmi kọ ọ́ ńkọ́? Ó ní ìyẹn dáa. Mo ti ń kọ ọ́ báyìí, nọ́ńbà káàdì ló kù, ọwọ́ wọn ló sì wà.