Ìwé ilé abàmì: báwo ni ẹni tí kò fẹ́ràn ìtàn ẹ̀rù ṣe lè kà á parí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òǹkàwé. The Haunting of Hill House, tí Shirley Jackson kọ ní 1959, ni mo fẹ́ gba ìmọ̀ràn lé lórí. Orí 9 péré ni. Ẹni tí ìtàn ẹ̀rù kì í bá lára mu, tó sì fẹ́ kà á nítorí ẹwà èdè rẹ̀, ọgbọ́n wo ni kó dá?

Ohun tó mú un le ni pé iwin kankan kì í yọjú síni gbangba. Igun ilé náà ni kò gún régé, ilẹ̀kùn ń pa ara rẹ̀ dé, àwọn àlejò sì ń ṣìnà nínú ilé. Inú ọkàn Eleanor, obìnrin tí ìtàn náà dá lé lórí, la ti ń wo gbogbo rẹ̀, a ò sì mọ̀ bóyá ilé ló ń dà á láàmú ni àbí ọkàn òun fúnra rẹ̀. Àìdánilójú yẹn ló máa ń bá òǹkàwé dórí ibùsùn.

Orí 1 ṣeé kà nígbàkígbà. Ìrìn-àjò Eleanor lọ sí ilé náà tilẹ̀ dùn gan-an. Orí 4, níbi tí nǹkan ti ń gbá ilẹ̀kùn lóru, ọ̀sán gangan ló yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n béèyàn bá dá a dúró lágbedeméjì, ọkàn á máa hun ìyókù fúnra rẹ̀, ìyẹn sì máa ń burú ju ohun tí ìwé sọ lọ.

Ṣé kéèyàn ka orí kan tán lẹ́ẹ̀kan náà ló dáa? Bó bá kọ́kọ́ ka orí 9, ṣé ẹ̀rù á dín kù, àbí adùn ìwé ló máa bàjẹ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́ èyí tí wọ́n kà sínú ẹ̀rọ, ṣé ó dẹ́rù bani ju kíkà lójú lọ?